Ìwé Onírun Àgùntàn

Ní Naryn, níbi tí òkè ti ga ju ohùn ènìyàn lọ,
yìnyín ti bo fèrèsé jẹ́lé-ó-sinmi wa
láti oṣù kẹwàá.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún, sítóòfù kan,
àti àpò irun àgùntàn tí ìyá Taalai fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé wá,
tó ń rùn bí agbo lẹ́yìn òjò.

Mo ní, "Lónìí, a ó ṣe ìwé."
Wọ́n ní, "Ìwé wo ni kò ní bébà?"
Mo ní, "Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fà ya,
tí ẹ lè sùn lé lórí."

A da omi gbígbóná sí irun, a fi ọṣẹ kùn ún,
a tẹ̀ ẹ́, a ká a, a tún tẹ̀ ẹ́,
ọwọ́ kéékèèké pọ́n bí ata.
Irun tí kò gbọ́ràn láàárọ̀
di aṣọ kí oòrùn tó yẹ̀ lórí.
Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ náà lọmọ rí;
mo gbé e mì. Ọmọ kì í ṣe irun.

Ojú-ìwé kìíní: búrẹ́dì róbótó.
Níbí, a kì í da búrẹ́dì dojú bolẹ̀,
àfi bí o bá fẹ́ kí ìyá àgbà fojú bá ọ wí títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo rán Nurzat pé kó lọ mú òwú pupa wá;
ó mú un wá, ó jókòó, ó sì rán.
Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú, ahọ́n tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè.

Ojú-ìwé kejì: ọwọ́ méjì tó ń gba ife tíì.
Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Akjol gé.
Ó ní èkejì wà lẹ́yìn, ó ń wá nǹkan nínú imú.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Begimai.
A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú-ìwé kẹta: ilẹ̀kùn tó ń ṣí ní tòótọ́,
bọ́tìnnì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.
Baba arúgbó onífìlà gogoro ló wà lẹ́yìn rẹ̀;
ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kí i kó tó tì í.
Wọ́n kí baba, kí baba, títí bọ́tìnnì fi já.

Ojú-ìwé kẹrin ni ti Saikal,
tí a kò gbóhùn rẹ̀ mọ́
látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ síṣẹ́ ní Rọ́ṣíà.
Ojú méjì: ọ̀kan kẹ̀yìn síni,
èkejì ní bọ́tìnnì aláró kan lẹ́rẹ̀kẹ́.
Mo ní, "Kí ni èyí?" Kò dáhùn.
Mo rán an mọ́ ìyókù, nítorí àánú.

Ní Ọjọ́bọ̀, iná lọ, orí ń fọ́ mi,
Akjol sì gé fìlà baba arúgbó sí méjì.
Mo já àlùmọ́gàjí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo já a gbà bí olè,
mo sì pariwo ọ̀rọ̀ kan
tí kò sí nínú ìwé wa.

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́.
Ìbọ̀sẹ̀ tútù ẹnìkan ń ṣe ṣìì lórí sítóòfù.
Saikal dìde. Ìwé náà wúwo fún un,
ó wọ́ ọ nílẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ mi,
ó ṣí ojú-ìwé kẹrin sórí orúnkún mi,
ó mú ìka mi, ó gbé e lé bọ́tìnnì aláró.

Mo wo ojú tó kẹ̀yìn síni. Èmi ni.

Mo kúnlẹ̀; sìmẹ́ǹtì tutù.
Mo ní, "Akjol, má bínú."
Ó rò ó dáadáa.
Ó ní, "Àlùmọ́gàjí mi ńkọ́?"
Mo nà án sí i, ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.
Ó mi orí. Ó ní, "Ọwọ́ méjì."

Mo fi ọwọ́ méjì.
Ọwọ́ kan lòun fi gbà á;
èkejì ṣì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, nínú imú.